Òní Náà Ọjọ́ Ni

Kádíìfù, ilẹ̀ Wélìsì,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún 2023.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àtijọ́. Ara mi le. Òtútù ṣì wà níbí, ṣùgbọ́n mo ti ra kóòtù tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ pè mí lójoojúmọ́.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ìdánwò ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí wà fún àwọn àgbàlagbà, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè fi mọ̀ bóyá àrùn ìgbàgbé ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan. Ìbéèrè ogún ni. A kì í kàn kọ ìbéèrè kí a máa fúnni ní máàkì. A gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ọkàn ènìyàn gbà láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ìbéèrè títí ẹnu rẹ̀ fi dáhùn. Nígbà mìíràn, ẹni tí kò gba ìbéèrè kò ní àìsàn kankan. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò gbádùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àgbàlagbà méjìlá ní Ìlá, àwọn tí gbogbo ìlú mọ̀ pé orí wọn pé. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ń rò ó, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rò jáde, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwàdà. Bí a bá gbé fóònù síwájú wọn láti gba ohùn wọn, wọn kò ní sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdáhùn. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí ìdáhùn wà, wà fún àwa tí à ń fúnni ní máàkì. Ẹ má wò ó.

Mi ò lè gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọ yín,
Ràfíátù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 2023.

Ràfíátù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé. Ààwẹ̀ ti wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi ìyẹn ṣe ìrònú. Èyí tí èmi ń rò tó àwa méjèèjì. Ṣé kóòtù náà bo orókún? Wọ́n ní orókún ni òtútù kọ́kọ́ máa ń wọlé sí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ tí o rán mi. Lára àwọn méjìlá náà ni Oyèbísí àgbẹ̀, Ẹfúnróyè tó ti jẹ́ aránṣọ rí, àti ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù, Ìyá Ẹlẹ́po tìrẹ, tó wò ọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ lọ. Gbogbo wọn ṣe dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi gba méjìdínlógún nínú ogún. Ní ti ìbéèrè mẹ́rin tó jẹ mọ́ ọjọ́ kíkà, kò sí ẹnì kan tó kùnà ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti pọ̀ jù, mo gé e kúrú kó má baà gba àkókò àwọn ọ̀gá rẹ. Mo fi bírò dúdú dà á kọ, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Jọ̀wọ́, sọ fún mi bó bá ṣókùnkùn.

Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ṣe akọ̀wé káńsù ní Ọ̀tan Ayégbajú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ará Ìlá kì í ṣe òpè.

Èmi ni,
Ṣéhù Babáyẹmí, bàbá rẹ.


Kádíìfù,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, ọdún 2023.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ojú ewé yín mọ́ ju ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ lọ. Ọ̀gá mi gbé e sókè lójú gbogbo wa, ó ní kí a wo bí ó ti yẹ kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo yangàn lọ́jọ́ náà.

Nítorí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, a ti gbà pé ìbéèrè ọjọ́ kíkà yẹn dára fún Yorùbá. Ìdánwò náà yóò dé àwọn ilé ìwòsàn kan nílé lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó dé Ìlá.

Ohun kan ló kù. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kéré lójú mi. Mo mọ Ìyá Ẹlẹ́po. Kò lè dáhùn ìbéèrè kan láìsọ ìtàn mẹ́ta. Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí?

Ọmọ yín,
Ràfíátù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọdún 2024.

Ràfíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti pè mí lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà láti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, a sì jọ ń sọ ti oúnjẹ àti ti ojú ọjọ́. Lẹ́tà tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi nìkan ni mi ò dá lóhùn. Fi ojú àánú wò mí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé ìdánwò yín dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ẹni tí kò bá gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún, kí wọ́n pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba mẹ́rìnlá. Wọ́n pe Ọláyínká ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ó jọ àrùn ìgbàgbé. Lánàá ọjọ́ Àìkú, Ọláyínká ti yàrá tí ìyá rẹ̀ ń kó epo sí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ọ̀rà mọ́. Obìnrin tó ti ń ná ọjà yẹn kí wọ́n tó bí Ọláyínká, tí kì í pa ọrún ọjà kan jẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan bí àlejò.

Bùsọ́lá ìyàwó Ọláyínká bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ẹ̀yìn ilé: "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé màmá máa ń bínú lójijì? Ṣé wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ yín?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni." Ó ti ń gbé ọ̀bẹ kúrò níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Ìbéèrè tí mo ní kò ju ọ̀kan lọ. Ṣé ìdánwò yín lè ṣìnà?

Bàbá rẹ.


Kádíìfù,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdààmú. Ọláyínká ti pè mí kí lẹ́tà yín tó dé. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun, lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ewé tí ẹ kọ lọ́dún tó kọjá.

Bàbá, mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìdánwò náà ló ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Ẹlẹ́po gba gbogbo ìbéèrè ọjọ́ kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́dún yìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó yí padà. Bí ẹni tó mọ nǹkan léṣìí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́dún yìí, a kì í fi ṣeré. Ìwé yín ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àrùn náà ń yára. Bí kò bá sí ìwé yín ni, ǹ bá ní bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Èmi ni mo ní kí Ọláyínká ti yàrá epo. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́po mọ̀ pé èmi ni.

Ràfíátù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, ọdún 2024.

Ràfíátù,

Lónìí, mi ò mọ bí mo ṣe lè kí ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìwé yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn lọ́dún tó kọjá. Ìdáhùn tó fún mi nígbà náà ló fún àwọn nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Èmi ni mo yí i padà. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti àwọn méjèèjìlá ni mo yí padà.

Bó ṣe rí nìyí. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ní iwájú ilé mi níbí. Ìbéèrè kẹsàn-án ní, "Òní ni ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ wo ni ìjọ́ márùn-ún òní?" Ẹ̀gbọ́n mi na ìka: "Òní Ajé, ọ̀kan. Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Ẹtì, márùn-ún. Ẹtì ni." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní, "Bí a ṣe ń ka ọrún ọjà nìyẹn. Àbí òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Oyèbísí ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ìyàwó ilé rẹ bá bímọ lónìí Ajé, Ajé tó ń bọ̀ la ó sọ ọmọ lórúkọ, ìjọ́ kẹjọ nìyẹn. Akọ̀wé, ìwọ lọ wí fún lèmọ́ọ̀mù pé ìjọ́ keje ni, kó fi ọ̀pá lé ọ." Ẹfúnróyè ní ìjẹta kò lè jẹ́ ìjẹta bí a ò bá ka òní. Gbogbo wọn ló sọ pé Ẹtì.

Mo wo ojú ewé tó gbẹ̀yìn, èyí tí o ní kí n má wò. Àbámẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo ní kí àwọn òyìnbó má baà sọ pé àgbàlagbà Ìlá ò lè ka ọjọ́, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Mo mú bírò, mo kọ Àbámẹ́ta síwájú orúkọ méjìlá. Àwọn ìbéèrè ọjọ́ kíkà mẹ́ta yòókù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sí wọn. Mo sì ju ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nù nítorí pé ìka tí wọ́n ń nà yóò tú àṣírí mi fó.

Ìwé pẹ́ńsùlù yẹn ṣì wà nínú àpótí páànù mi. Mi ò lè sun ún. Akọ̀wé kì í sun ìwé.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbí. Ojú ń tì mí dé ibi pé mo ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́ṣáláṣí kí n má baà kọjá níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi.

Ṣéhù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì, ọdún 2024.

Ràfíátù,

Mo rí i lórí fóònù pé o ti ka lẹ́tà mi. Àmì méjì ìsàlẹ̀ fọ́tò lẹ́tà náà ti di búlúù láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Mo ń ṣí fóònù wò bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná.

Bínú sí mi, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n ṣé o ń jẹun? Ṣé wọn kò tíì lé ọ kúrò níbi iṣẹ́? Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ, fún wọn ní orúkọ mi. Sọ pé arúgbó kan ló tàn ọ́.

Mo kọjá ní ọ̀ọ́kán ilé ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Ó pè mí, "Ṣéhù, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ wo ni ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń ṣe.

Fún mi ní ọ̀rọ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Bàbá rẹ.


Kádíìfù,
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú àtẹ̀yìnwá. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo kà á. Èsì mẹ́fà ni mo kọ, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí kò sí èyí tí ọmọ lè fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú wọn.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n ti dá ìdánwò náà dúró níbi gbogbo tó dé. Wọ́n ní kí n yẹra fún iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Bí yóò ṣe parí, mi ò mọ̀.

Èmi náà kò mọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kéré, mo béèrè, ẹ ò dáhùn, mo sì jẹ́ kó lọ nítorí ó wù mí kó jẹ́ òótọ́. Èmi tí wọ́n sọ lórúkọ ní ìjọ́ kẹjọ ló jókòó síbí tí mo ń ka ọjọ́ láti ọ̀la. Bàbá, ohun tí ẹ jù nù gan-an ni mo ní kí ẹ bá mi wá. Bí ẹ bá ti fi "Àbí òní kì í ṣe ọjọ́ ni" ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè yẹn ni à bá yọ, kì í ṣe Ìyá Ẹlẹ́po.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́. Ẹ ya fọ́tò ìwé pẹ́ńsùlù yẹn, gbogbo ojú ewé rẹ̀. Ẹ má fi bírò kàn án. Èkejì, ẹ lọ sọ fún Ìyá Ẹlẹ́po fúnra yín, lójú Ọláyínká àti Bùsọ́lá. Mo lè pè wọ́n láti ibí, ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín sọ ọ́. Ẹ sọ tèmi náà mọ́ ọn, pé èmi ni mo ní kí wọ́n ti yàrá.

Ràfíátù.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2024.

Ràfíátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí a ó máa fojú pamọ́ fún ara wa.

Ọjọ́ Ajé ni mo tó rí ẹsẹ̀ gbé lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá wọn nínú ilé, Bùsọ́lá ń ṣa ẹ̀wà, Ọláyínká ń múra àtijáde. Mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pẹ́ńsùlù dé orí bírò. Mo sọ tìrẹ náà. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀wà inú àwo ni mò ń wò.

Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ń sọ pé ara màmá yá láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bo ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ọláyínká, ó di ọjọ́ mélòó tí o ti ti yàrá epo mi?"

Ọláyínká wo fóònù rẹ̀. "Ọjọ́ méjìlélógún, Màmá."

"Mẹ́tàlélógún ni. Kí lo fi òní ṣe? Àbí ilẹ̀kùn náà ṣí lónìí?"

Ọláyínká dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹ̀wà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbà á, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì ní kí Bùsọ́lá dá ọ̀bẹ òun padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú sí mi.

"Ṣéhù, ìtìjú ta lo ń bò? Tiwa àbí tìrẹ?"

Mo ní tiyín ni, ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n má baà fi yín rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ìjọ́ márùn-ún òní ni ọjà Ọ̀rà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni mò ń gbé lọ. Ìwọ ni o ó bá mi gbé wọn dé ibi ọkọ̀." Ó ní ká sọ fún ọ pé òun ti gbọ́ tìrẹ, pé kí o pe òun fúnra rẹ, òun kò ní jẹ ọ́.

Lánàá ọjọ́ Ẹtì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Mo bá a dé Ọ̀rà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kí i bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ó sọ iye epo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa ń rà láìbi wọ́n. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, mo ń ro ìbéèrè tó bi mí, mo sì rí i pé irọ́ ni mo tún pa fún un.

Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ewé kan wà tí mo ti ya kúrò nínú ìwé náà kí n tó ya fọ́tò. Tèmi ni. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni wá, mo kọ́kọ́ dán ara mi wò. Mo na ìka mi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe na tirẹ̀. Ẹtì ni mo sọ. Mo ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, mo rí Àbámẹ́ta, ẹ̀rù bà mí pé orí mi ti ń lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjìlá sọ pé Ẹtì, ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ojú tì mí ni. Mo ní èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, èmi akọ̀wé, báwo ni ìdáhùn mi yóò ṣe bá ti Oyèbísí mu, ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn ilé ìwé. Mo rò pé ìwọ yóò rí i pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín èmi àti wọn. Nítorí náà ni mo ṣe fi bírò gbé gbogbo wa gun orí àga tí kì í ṣe tiwa, mo sì ti ẹ̀gbọ́n mi ṣubú láti ibẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un lórí ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìgbà tí o wà ní kékeré, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọjọ́ kíkà. Ṣé o gbàgbé ni?"

Fọ́tò ewé náà ló tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Ó ti rún díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá béèrè pé ènìyàn mélòó ló sọ pé Ẹtì, má sọ fún wọn pé méjìlá. Ka èmi náà mọ́ wọn.

Bàbá rẹ, ẹni kẹtàlá,
Ṣéhù Babáyẹmí.